Ọmọ tí káàdì rẹ̀ pé ní Àgbádárìgì lè má pé níbi tó ń lọ

Ìyá á na káàdì sí mi, á ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi ti gba gbogbo ẹ̀ tán o." Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: ibo lẹ ń lọ, ọjọ́ wo lẹ sì máa gbéra? Torí pé "gbogbo ẹ̀" tí à ń sọ ní ibùdó ìlera níhìn-ín, gbogbo ti Nàìjíríà ni. Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ sọdá ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ kí ìyá àgbà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹni tó ń kó ọmọ lọ bá bàbá wọn ní Houston, àti ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ dání lọ ṣe Úmúrà, irú káàdì kan náà ni wọ́n ń mú wá, àmọ́ ohun tó ṣẹ́ kù fún kálukú wọn kò jọra.

Èyí tó ti yé mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọjọ́ ìrìn àjò ni kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, kó máa kà á bọ̀ sẹ́yìn. Oṣù 3 ló máa ń rọ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àlàfo tó gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn ló ń jẹ ọjọ́. Yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú fún ìrìn àjò, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi tó bá pé ọjọ́ 10 lẹ́yìn tí wọ́n gún ọmọ. Àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ń jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ó yẹ kó ti wọ ara ọmọ ní ọ̀sẹ̀ 4 ṣáájú ìrìn àjò, kó má sì ju oṣù 12 lọ. Bí ọmọ bá ní láti gba abẹ́rẹ́ èéyi méjì, ọ̀sẹ̀ 4 ló kéré jù láàárín wọn. Ẹni tó bá wá bá wa nígbà tó ku ọjọ́ 5, a lè gún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ọ̀sì tó lè gún ọjọ́ kó yára.

Ẹ jẹ́ ká ṣí káàdì náà sórí tábìlì. Lábẹ́ ọjọ́ ìbí, BCG gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ikọ́ fée tí wọ́n ń gún sí apá òsì, tó máa ń fi àpá sílẹ̀. Ẹ̀kán rọpárọsẹ̀ àkọ́kọ́ wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B náà wà níbẹ̀, èyí tó yẹ kí wọ́n ti gún láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bí ọmọ. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14: Penta (abẹ́rẹ́ kan tó ń bá àrùn márùn-ún jà, mẹ́dọ̀wú B wà nínú wọn), PCV (ti òtútù àyà), Rota (ti ìgbẹ́ gbuuru), àti ẹ̀kán rọpárọsẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta. Abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ tí à ń pè ní IPV, ọ̀sẹ̀ 6 àti ọ̀sẹ̀ 14. Oṣù 9: èéyi, ibà pọ́njú, àti yírùnyírùn. Oṣù 15: èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì. Rota kò wọ ètò ìjọba títí di 2022, nítorí náà bí ojú ibẹ̀ bá ṣófo lórí káàdì ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú ìgbà yẹn, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ náà lè ní IPV kan ṣoṣo.

Ibi tí mo ti ń rí àlàfo jù ni oṣù 15. Ọ̀pọ̀ ìyá gbà pé oṣù 9 ni ọmọ ń jáde, àwọn míì tilẹ̀ máa ń se ìrẹsì fún àwọn aládùúgbò. Oṣù 6 sì wà láàárín méjèèjì: ọmọ ti ń sáré kiri, ìyá ti padà sẹ́nu ọjà, ọjọ́ àjẹsára sì lè bọ́ sí ọjọ́ ọjà Agbálátà. Kò sí ẹni tó máa pa igbá ọjà tì nítorí abẹ́rẹ́ tí kò mọ̀ pé ó ṣì kù.

Ohun kejì tó ń fa àlàfo yìí wà lọ́wọ́ àwa fúnra wa. Ìgò abẹ́rẹ́ èéyi kan, ọmọ 10 ló wà fún. Ìyẹ̀fun gbígbẹ ni, a máa ń fi omi tó bá a wá pò ó. Láti ìṣẹ́jú tí a bá ti pò ó, wákàtí 6 péré ló ní láyé. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, a ó dà á nù, ì báà ṣe ọmọ kan ṣoṣo ló gbà nínú rẹ̀. Bákan náà ni ti ibà pọ́njú àti BCG. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ pé "ẹ padà wá ní ọjọ́ báyìí, kí àwọn ọmọ lè pé." Ìlànà sọ pé ká ṣí ìgò fún ọmọ kan bó bá wá, àmọ́ ẹni tí iye ìgò rẹ̀ kò tó nǹkan máa ń lọ́ra. Nítorí náà, ẹ sọ ọjọ́ ìrìn àjò yín lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó mọ̀ pé ọmọ ń lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i kò ní fi í sílẹ̀ nítorí ìgò. Ẹni tó ń fi ìrìn àjò pamọ́ nítorí ẹnu ayé, kó ṣáà sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì.

Wàyí o, Sẹ̀mẹ̀. Ẹni tó ń gba Kraké lọ Kùtọ̀nú, Lomé tàbí Àkárá, ohun tí wọ́n máa béèrè ni yẹ́lò káàdì. Káàdì ọmọ tó ní ibà pọ́njú oṣù 9 kì í ṣe yẹ́lò káàdì. Ti inú ilé ni. Ti ìrìn àjò, àwọn Port Health, òṣìṣẹ́ ìlera ẹnu ibodè, ló ń ṣe é, láti 2019 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti gbé èyí tó ní àmì tí ẹ̀rọ lè kà jáde. Orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti forúkọ sílẹ̀, ẹ ó sanwó, ẹ ó mú rìsíìtì àti pásípọ́ọ̀tù ọmọ lọ. Ẹ mú káàdì ọmọ náà dání, kí wọ́n rí ọjọ́ tí wọ́n gún un àti nọ́ńbà ìdìpọ̀ (batch) abẹ́rẹ́ náà. Láti 11 Júláì 2016, ẹ̀ẹ̀kan náà ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, títí ayé ni káàdì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọdún 10 ti pé, kí ọmọ wá tún un gún, òfin àtijọ́ ló ń sọ.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀. Wọn kì í kọ ọmọ sínú ti ìyá. Ọmọ tí kò lè kọ̀wé, òbí rẹ̀ ló ń buwọ́ lùwé fún un, ibi tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ìbuwọ́lùwé yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Ọjọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà, kí oṣù jẹ́ lẹ́tà. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ má fi Típẹ́ẹ̀sì pa á. A kọ ọ́ sára káàdì náà gan-an pé pípa nǹkan rẹ́ tàbí fífi ibì kan sílẹ̀ láìkọ lè sọ ọ́ di aláìwúlò. Ẹ gba òmíràn.

Káàdì tí wọ́n ń tà ní gáréèjì láìgún ọmọ ńkọ́? Èmi kì í jiyàn lórí òfin rẹ̀ mọ́, ti ọmọ ni mò ń sọ. Ní 2017 ni ibà pọ́njú tún yọjú ní Kwara lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ò gbúròó rẹ̀, ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri, ẹ̀fọn kì í sì í ka káàdì.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 9 kì í gba abẹ́rẹ́ yìí. Kò sí fún ẹni tó kéré ju oṣù 6 lọ rárá. Láti oṣù 6 sí oṣù 8, àfi bí àjàkálẹ̀ bá wà níbi tó ń lọ, dókítà ló sì máa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mọ̀ bẹ́ẹ̀: Gánà àti Íńdíà ń béèrè láti oṣù 9, Gúúsù Áfíríkà láti ọdún 1. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù 7 tó sanra lè jọ ọmọ ọdún kan lójú ẹni tó dúró sẹ́nu ibodè, nítorí náà ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí nínú àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọmọ tí ẹyin máa ń mú kí ara rẹ̀ wú tàbí kí èémí rẹ̀ há, tàbí tí agbára ara rẹ̀ kò lè bá àrùn jà, kó rí dókítà kí ẹnikẹ́ni tó gún un. Ìwé ìyọ̀ǹda wà fún irú wọn.

Ti Amẹ́ríkà ló gùn jù, òun náà ló sì ń bí àwọn òbí nínú jù. Ẹni tó ń lọ ṣe àbẹ̀wò lásán, wọn kì í béèrè àjẹsára lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní físà. Ẹni tó ń lọ máa gbé ibẹ̀ ni àyẹ̀wò dókítà kàn, ọ̀dọ̀ dókítà tí ilé iṣẹ́ aṣojú wọn yàn nìkan ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Ibẹ̀ ni ìyá ti máa ń gbọ́ pé ọmọ tí káàdì rẹ̀ kún dẹ́nu ṣì máa gba abẹ́rẹ́ mẹ́rin, márùn-ún. Kì í ṣe pé omi la gún fún un níhìn-ín. Ìṣirò wọn ló yàtọ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ibi tó ti yàtọ̀ kí inú yín tó ru.

Ẹ wo èéyi. Oṣù 9 la ń gún un nítorí pé ọmọ tiwa máa ń tètè kó o, a ò lè dúró. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ èéyi tí ọmọ bá gbà kó tó pé ọdún 1, wọn kì í kà á lọ́hùn-ún, torí pé ààbò tó wá láti ara ìyá lè ṣì wà lára ọmọ kó sì dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ti oṣù 15 ni wọ́n á kà. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni MMR, tó ń bá èéyi, rùbẹ́là (àrùn sísú tó jọ èéyi), àti ṣegede tí í wú ọmọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ jà. Èéyi nìkan ni tiwa tẹ́lẹ̀. Ní 2025 ni a fi rùbẹ́là kún un. Ṣegede kò sí níbẹ̀, ọmọ á sì gba MMR.

Ẹ wo rọpárọsẹ̀. Ọmọ ti gba ẹ̀kán sẹ́nu ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó tún gba tàwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé títí ìyá fi rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n láti Épírì 2016, ẹ̀kán tí à ń fún ọmọ ní ibùdó ìlera ń bá oríṣi 1 àti oríṣi 3 jà, wọ́n ti yọ oríṣi 2 kúrò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Amẹ́ríkà ń fẹ́, nítorí náà IPV tí a gún sí itan nìkan ni wọ́n máa kà. Ọmọ tó gba IPV méjì, méjì ló ní lójú wọn, iye ẹ̀kán yòówù kó ti gbé mì.

Mẹ́dọ̀wú ni èyí tó máa ń ya àwa òṣìṣẹ́ pàápàá lẹ́nu. Ọmọ gba ti ọjọ́ ìbí, ó tún gba mẹ́ta nínú Penta. Mẹ́rin nìyẹn. Àmọ́ òfin wọn ni pé èyí tó gbẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 24, tiwa sì parí ní ọ̀sẹ̀ 14. Wọ́n á fi ọ̀kan kún un. Lẹ́yìn èyí, ṣíkìn-pọ́ọ̀sì àti mẹ́dọ̀wú A, tí kò sí nínú ètò ìjọba wa, àti àtúngún Penta àti PCV lẹ́yìn ọdún kan. Wọn kì í parí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò o. Èyí tí àkókò rẹ̀ bá tó ni wọ́n máa fún un, ìyókù á di tòkè òkun.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn wọ̀nyí rọrùn: ẹ parí ti Nàìjíríà, títí kan oṣù 15, kí ẹ sì gbé káàdì lọ. Ẹ má ṣe sáré ra abẹ́rẹ́ kiri ṣáájú àyẹ̀wò. Ẹni tó gún ibà pọ́njú lọ́jọ́ Ajé, tó tún lọ ra MMR gún lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ti ba ọ̀kan jẹ́. Abẹ́rẹ́ tó jẹ́ pé kòkòrò ààyè tí a ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú rẹ̀, bíi MMR, ibà pọ́njú àti ṣíkìn-pọ́ọ̀sì, ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n gún un, ní ojú ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí ọjọ́ 28 wà láàárín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ní kó tún ti ẹ̀yìn gbà.

Bó bá pọn dandan kẹ́ ẹ gún MMR ní ilé ìwòsàn aládàáni, ẹ lọ sí ibi tó ti ní i nínú fíríìjì. Ẹ má ra á nílé ìpoògùn nígboro Èkó, kẹ́ ẹ wá gbé e gba Máìlì Tú bọ̀ wá sí Àgbádárìgì nínú láílọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe rí. Láàárín òtútù díígírì 2 sí 8 ni abẹ́rẹ́ ọmọ ń gbé. Ooru ń pa èéyi. Yìnyín ń pa Penta, PCV àti IPV, ìyẹn ni pé ẹni tó tì í mọ́ yìnyín pọ́ńbélé nínú kúlà lè rò pé òun ń tọ́jú rẹ̀ nígbà tó ń bà á jẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ìgò tí ìjọba ń lò, ẹ ó rí òbírí kékeré kan tí igun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀. Bí igun mẹ́rin náà bá ṣì funfun ju òbírí tó yí i ká lọ, abẹ́rẹ́ dára. Bí àwọ̀ méjèèjì bá ti dọ́gba, tàbí ti inú ṣókùnkùn jù, ooru ti wọ̀ ọ́. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi hàn yín. Kò sí àfojúdi níbẹ̀.

Jámánì kò gùn. Láti Máàṣì 2020, ọmọ tó bá ti pé ọdún 1 gbọ́dọ̀ ní èéyi kan, ẹni tó pé ọdún 2 gbọ́dọ̀ ní méjì, kó tó lè wọ ilé ìtọ́jú ọmọ. Ẹni tó fo oṣù 15 ló máa ń há síbẹ̀. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè àjẹsára kí wọ́n tó fún ọmọ ní físà, wọn kì í sì í lé ọmọ nílé ìwé nítorí rẹ̀, àmọ́ àwọn náà kì í ka èéyi tí ọmọ gbà kó tó pé ọdún kan.

Úmúrà àti Háájì ní ìdẹkùn tiwọn. Saudi ń béèrè yírùnyírùn lọ́wọ́ ọmọ tó bá ti pé ọdún 1 sókè. Ìyá á sọ pé ó ti gbà á ní oṣù 9. Oríṣi A nìkan ló gbà nígbà yẹn. A, C, W àti Y pa pọ̀ ni Saudi ń fẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 kó tó dé ọ̀hún. Ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n gún: ọ̀kan (conjugate) ń gba ọdún 5, èkejì (polysaccharide) ń gba ọdún 3, bí wọn kò bá sì kọ irú tó jẹ́ sórí ìwé, ọdún 3 ni wọ́n máa kà á sí.

Ní etí ibodè tiwa yìí, wàhálà kan tún wà tí àwọn tó ń gbé Ìkẹjà kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gùn, àti ọmọ Yorùbá tí ìyá wọn bí sí Àjàṣẹ́, ìwé Faransé ni abẹ́rẹ́ wọn wà. Àwọn ìyá máa ń ju ìwé yẹn nù, wọ́n á ní ká bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù. VAR tó wà níbẹ̀, èéyi ni. VAA, ibà pọ́njú ni. VPO ni ẹ̀kán rọpárọsẹ̀, VPI ni abẹ́rẹ́ rẹ̀. Penta ni Penta. Ẹ gbé e wá kí nọ́ọ̀sì fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sórí káàdì tiwa, kó lu òǹtẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ìwé ti Faransé mọ́ ọn lẹ́yìn.

Orúkọ náà ńkọ́? Sẹ́gun lórí káàdì, Oluwasegun nínú pásípọ́ọ̀tù, tàbí orúkọ bàbá àgbà ní ibì kan, orúkọ bàbá ní ibòmíì. Ẹ tún un ṣe ní ibùdó tí ẹ ti gba káàdì nígbà tí rẹ́jísítà tí wọ́n kọ ọmọ sí ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ní 03/04, Máàṣì 4 ni Amẹ́ríkà máa kà á sí, àwa sì ní Épírì 3 lọ́kàn. Mo ti rí i tí ìyẹn mú kó dà bíi pé wọ́n gún ọmọ kí wọ́n tó bí i. Ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà kọ oṣù.

Àwọn tó ń bọ̀ wálé fún Dìsẹ́ḿbà pẹ̀lú ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, ìṣirò tiyín yí padà. Ọmọ yín lè ti gba MMR, kó má ní ibà pọ́njú rárá. Ibi tí wọ́n yàn fún un nìkan ni wọ́n ti ń gún un lọ́hùn-ún, nítorí náà ẹ tètè gba ọjọ́. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ṣùgbọ́n tó ti lé ní oṣù 6, ẹ bi dókítà yín nípa èéyi àtètègún. BCG kì í ṣe ti gbogbo ọmọ níbẹ̀. Ibà lásán, ìyẹn málaríà, abẹ́rẹ́ wọ̀nyí kò kàn án. Oògùn ìdènà rẹ̀, tí wọ́n fi ìwọ̀n ọmọ ṣírò, àti àwọ̀n ẹ̀fọn lẹ máa gbé dání, torí etí ọ̀sà la wà.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ibà Penta máa ń wá láàárín ọjọ́ 2. Ti èéyi máa ń pẹ́ kó tó wá, láàárín ọjọ́ 7 sí 12 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, pẹ̀lú sísú díẹ̀ lára nígbà míì. Ẹ wo kàlẹ́ńdà, kí ọjọ́ yẹn má bọ́ sínú ọkọ̀ òfurufú.

Káàdì kò gbọ́dọ̀ wọ àpótí tí wọ́n ń kó sínú ikùn ọkọ̀. Báàgì ọwọ́ ló ń gbé, nínú láílọ́ọ̀nù kan pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ ya fótò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí òǹtẹ̀ lè hàn, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù bàbá ọmọ àti ti ẹnì kan tó máa dúró sílé.